Bẹ́ ẹ ṣe lè yẹ ẹ̀rọ AI wò kó tó tẹ ẹ̀tọ́ èèyàn mọ́lẹ̀: ká fi áàpù tó ń yáni lówó ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti sábà máa ń dàrú bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan á ní àwọn ti ṣe AI, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi dátà kọ́ bó ṣe máa pinnu nǹkan, àwọn sì ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀, nínú ìpinnu 100 tó bá ṣe 92 ló ń tọ̀nà, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wò ò lè bá wọn pàtẹ́wọ́ o, ìbéèrè tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni: àwọn 8 tó kù yẹn, irú èèyàn wo ni wọ́n, kí lojú wọn rí, ta sì ni wọ́n lè lọ bá tó máa dá wọn lóhùn?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Netherlands ni mo máa ń sọ fáwọn tó bá rò pé àsọdùn ni. Ilé-iṣẹ́ owó orí wọn ń lo ẹ̀rọ kan tó ń fún àwọn òbí tó ń gba owó ìrànwọ́ ìtọ́jú ọmọ ní máàkì, kó lè fura sáwọn tó ṣeé ṣe kó máa ṣe jìbìtì, bóyá èèyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Netherlands tàbí kò jẹ́ sì wà lára ohun tí ẹ̀rọ náà ń wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni wọ́n ní kó dá owó padà, owó tó ju agbára wọn lọ, àwọn kan wọ gbèsè tí wọn ò jẹ. Ní January 2021 ìjọba ibẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀ tìtorí ẹ̀, nígbà tó di December ọdún yẹn kan náà àjọ tó ń dáàbò bo dátà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 2.75 yúrò lé ilé-iṣẹ́ owó orí lórí. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́ o. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Áàpù ẹ̀yáwó ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀ torí òun ni púpọ̀ nínú wa mọ̀, àmọ́ ìlànà kan náà ni fún ilé-ìwé tó fẹ́ fi AI mú akẹ́kọ̀ọ́, fún ọsibítù, fún ilé-iṣẹ́ tó ń fi AI ka CV.

Òfin tó wà nílẹ̀, ní kúkúrú

Ẹ ò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú ìlànà tuntun jọ. UN ti gbé ìlànà jáde lọ́dún 2011 lórí bí àwọn ilé-iṣẹ́ okòwò ṣe gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ti wá. Council of Europe, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìlànà àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní HUDERIA jáde ní November 2024, tìtorí AI gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é. Òfin AI ti European Union, ti ọdún 2024, abala 27 ẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá fẹ́ fi AI pinnu bóyá ẹnì kan tó ẹni à á yá lówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ipa tó máa ní lórí ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn. Ní Nàìjíríà níbí, òfin dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní June 2023, abala 28 ẹ̀ ní kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó lo dátà lọ́nà tó lè kó èèyàn sí wàhálà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí lọ́yà tàn yín pé tẹ́ ẹ bá ti ṣe ti dátà, ó parí. Èèyàn lè tọ́jú dátà dáadáa, kó tì í mọ́ ibi tí olè ò lè dé, kó sì tún máa fi dátà yẹn kan náà rẹ́ àwọn obìnrin jẹ lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìgbà tẹ́ ẹ máa ṣe é, àtàwọn tó máa ṣe é

Ìgbà tó dáa jù ni ìgbà tẹ́ ẹ ṣì lè sọ pé a ò ṣe mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó fẹ́ni tó ṣe é, tẹ́ ẹ ti gbé pátákó ìpolówó sọ́nà Ìkẹjà, àyẹ̀wò yòówù tẹ́ ẹ bá ń ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tẹ́ ẹ máa fi gbèjà ara yín lẹ̀ ń wá. Torí náà, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kí la máa rí tá a fi máa dá iṣẹ́ yìí dúró? Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i. Tó bá kọ̀, tó ní òun ò lè fọwọ́ sírú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa kọ sínú rípọ́ọ̀tì nìyẹn.

Àwọn tó máa ṣe é: ẹnì kan tó mọ inú ẹ̀rọ náà, ẹnì kan tó mọ òfin, ẹnì kan tó ti ń gbé ìpè àwọn kọ́sítọ́mà tínú ń bí, àti ẹnì kan tí kì í ṣe ọ̀gá yín ló ń sanwó oṣù fún un. Èyí tó ń gbé ìpè yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ti gbọ́ gbogbo ẹkún tán.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an

Kì í ṣe báwọn tó ń polówó ẹ̀ ṣe ń sọ ọ́ o, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ séèyàn ni. Ẹ pín ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin: kí ló ń wọlé, kí ni ẹ̀rọ ń fi ṣe, ta ló ń gba èsì ẹ̀ lò, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tọ́rọ̀ kàn.

Ká ní obìnrin kan tó ń ta ata ní Bódìjà fẹ́ yá 20,000 náírà torí owó ọjà há. Ó ṣí áàpù, ohun àkọ́kọ́ tó yọ lójú fóònù ni pé ṣé kí áàpù yìí máa ka àwọn nọ́ńbà tó o tọ́jú. Ó tẹ "Deny", ó gbé e padà sẹ́yìn, ó tún béèrè, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kó kọjá. Ló bá tẹ "Allow". Kó tó ṣẹ́jú, Baba Landlord ti wọlé, Alhaja Elélùbọ́, Tíṣà Ọmọ Mi, Pásítọ̀ Cele, Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, ìkankan nínú wọn ò sì yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irú nǹkan báyìí ló yẹ kó wà lábẹ́ "kí ló ń wọlé", tòun ti BVN, NIN, alert báńkì, ibi tí fóònù wà, irú fóònù tó jẹ́. Tẹ́ ẹ bá kàn kọ "dátà kọ́sítọ́mà", ẹ ò tíì kọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye AI tó wà níbẹ̀, torí ó sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ. Nínú áàpù ẹ̀yáwó, ọ̀kan lè máa fi sẹ́lífì tẹ́ ẹ yà wé fọ́tò tó wà nínú NIN, èkejì ń fúnni ní máàkì, ẹ̀kẹta ń yan onígbèsè tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè àti ìgbà tí wọ́n máa pè é. Èyí tó ń fúnni ní máàkì nìkan lọ̀pọ̀ ń yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ẹ̀kẹta yẹn gan-an lojú ti ń rí màbo.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ra AI náà lọ́wọ́ àwọn ará òkè òkun, ẹ bi wọ́n: dátà ará ìlú wo lẹ fi kọ́ ọ? Ṣé ẹ ti dán an wò lára àwọn èèyàn wa? Tẹ́ ẹ bá yí i padà lóru, ṣé ẹ máa sọ fún wa? Wọ́n lè ní àṣírí òwò ni. Ó dáa, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "A bi wọ́n, wọn ò dáhùn", kẹ́ ẹ sì kà á mọ́ ewu.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ta lọ̀rọ̀ kàn?

Ẹni tó yáwó nìkan kọ́. Ẹni tí wọn ò yá lówó ń bẹ ńbẹ̀, òun gan-an kì í sí nínú àkọsílẹ̀ yín lọ títí. Àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù onígbèsè ń bẹ ńbẹ̀. Ẹni tó ra SIM tó jẹ́ ti onígbèsè tẹ́lẹ̀ ń bẹ ńbẹ̀, torí nọ́ńbà téèyàn ò lò mọ́ fúngbà pípẹ́, wọ́n lè tún un tà fẹ́lòmíì, tónítọ̀hún á wá máa gba ìpè gbèsè tí kò mọ ìdí ẹ̀. Ọkọ tí kò mọ̀ pé ìyàwó yáwó, ìyàwó tí ọkọ fi fóònù ẹ̀ yáwó. Àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá wà ńbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó sínú yàrá kan láti máa pe onígbèsè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àtàwọn tó ń to dátà fún AI, irú àwọn ará Nairobi tí ìròyìn wọn jáde ní January 2023 pé owó tí wọ́n ń gbà ní wákàtí kan ò pé dọ́là 2, ohun tí wọ́n sì ń kà láti fi kọ́ AI ò ṣeé fẹnu sọ.

Lára gbogbo wọn, ẹ fàmì sí àwọn tó jẹ́ pé tọ́rọ̀ bá bàjẹ́, wọn ò lẹ́ni tó máa gbèjà wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan wé ohun tẹ́ ẹ ti kọ

Ẹ mú ìwé òfin Nàìjíríà (constitution) ti ọdún 1999, orí kẹrin ẹ̀, kẹ́ ẹ máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Abala 34 lórí iyì èèyàn, 36 lórí pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu èèyàn kí wọ́n tó dájọ́, 37 lórí àṣírí àti ọ̀rọ̀ ìdílé, 42 lórí pé kí wọ́n má fi ẹ̀yà, ibi téèyàn ti wá, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn, tàbí òṣèlú yàn án jẹ. Aláàbọ̀ ara ò sí nínú 42 yẹn, àmọ́ òfin tiwọn wà lọ́tọ̀, ti ọdún 2018. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, èyí tí Nàìjíríà ti sọ di òfin ilẹ̀ wa látọdún 1983, òun ló mẹ́nu ba iṣẹ́, ìlera àti ẹ̀kọ́.

Abala 42 ló máa gba àkókò yín jù. Ilé-iṣẹ́ á ní àwọn ò béèrè ẹ̀yà, àwọn ò béèrè ẹ̀sìn. Wọn ò ní láti béèrè! Ní ilẹ̀ wa, orúkọ lásán ti sọ gbogbo ẹ̀ tán: Rafiu, Chukwuemeka, Danladi, ta ni ò mọ̀? Àdírẹ́sì Ajégúnlẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ìkòyí, fóònù tí gíláàsì ẹ̀ ti fọ́ yàtọ̀ sí iPhone. Ẹ̀rọ lè máa fi àwọn nǹkan yìí mọ ohun tí ẹ ní ẹ ò sọ fún un. Ẹ tún wo àjọ dídá. Obìnrin tó ń dá àjọ lójoojúmọ́, owó ń kúrò lákáùntì ẹ̀ lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń rí, alájọ sì lè kó o fún un lówó lọ́wọ́ lópin oṣù, ẹ̀rọ ò ní rí ìyẹn. Ẹni tó ń tọ́jú owó jù lá wá dà bí onínàákúnàá lójú ẹ̀.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nílùú Ọba. Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń rí sí físà, ń lo ẹ̀rọ kan láti fi pín àwọn tó ń béèrè físà sí àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa, orílẹ̀-èdè téèyàn ti wá sì wà lára ohun tó fi ń pín wọn, àwọn orílẹ̀-èdè kan wà lórí ìwé pé eléwu ni wọ́n, wọn ò sì sọ orúkọ àwọn ìlú náà síta. Tí wọ́n bá fi pupa lé ẹ lórí, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n á tètè já ẹ, jíjá tí wọ́n já ẹ yẹn náà á tún wá di ẹ̀rí pé ìlú yín ò dáa. JCWI àti Foxglove, ẹgbẹ́ méjì tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn, gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́, kó tó di pé adájọ́ gbọ́ ọ, Home Office ní àwọn ò lò ó mọ́, August 2020 nìyẹn. Ẹ bi ara yín pé ṣé ẹ̀rọ tiyín náà ò máa jẹ ìdọ̀tí tó yà lánàá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀

Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń dọ́gbọ́n sí i nìyí. Wọ́n á fi Google Form ránṣẹ́ lédè òyìnbó, èèyàn díẹ̀ á dáhùn, wọ́n á kọ ọ́ pé àwọn ti bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ jàre.

Ẹ lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ lọ nígbà tọ́jà ò tíì kún tàbí tó ti ń tú, torí ẹni tó ń tajà lọ́wọ́ ò ráyè yín. Ẹ kí ìyálọ́jà, ẹ gbàṣẹ, ìyẹn ò burú, àmọ́ ẹ má jẹ́ pé àwọn tó bá yàn fún yín nìkan lẹ máa bá sọ̀rọ̀, torí aláàárù àti ẹni tó ń kiri ò sí lórí ìwé ẹgbẹ́. Ẹ fún wọn lówó ọkọ̀ àti owó àkókò wọn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ òótọ́ lójú ẹni tó jẹ lówó. Ẹ bá obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ owó èlé ti tú ilé ká rí. Ẹ má gba fídíò, ẹ má kọ orúkọ.

Ẹ má sì bi wọ́n pé kí lèrò yín nípa AI. Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀? Ẹ bi wọ́n lóhun tójú wọn rí: Mà, ìgbà tẹ́ ẹ yáwó kẹ́yìn, báwo ló ṣe lọ? Kí ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀? Ìgbà tí wọn ò yá yín lówó, ṣé wọ́n sọ ìdí ẹ̀? Ta lẹ pè? Nígbà tẹ́ ẹ pẹ́ san, ta ló kọ́kọ́ gbọ́ sí i? Lẹ́yìn náà ẹ dákẹ́. Èsì ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn lè ju gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín lọ.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ padà lọ sọ fún wọn ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ ẹ fi ṣe. Àwọn tó ń wá fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò tí wọn ò padà mọ́ ti pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dán ẹ̀rọ wò, kẹ́ ẹ pín àṣìṣe sọ́wọ́ àwọn tó ni ín

Ẹ rántí 92 tá a kọ́kọ́ sọ yẹn. Ká ní èèyàn 1,000 ló béèrè owó, ọkùnrin 800, obìnrin 200. Ẹ̀rọ ṣi ọkùnrin 40 dá, ó sì ṣi obìnrin 40 dá. Àṣìṣe 80 nínú 1,000, ó jẹ́ 8 nínú 100, wọ́n sì lè fi 92 yangàn. Àmọ́ ọkùnrin 5 péré nínú 100 ló jìyà, obìnrin 20 nínú 100. Ìlọ́po mẹ́rin! Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa rí i tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Kì í ṣe àròsọ. Lọ́dún 2018 àwọn olùwádìí méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, dán ẹ̀rọ tó ń wojú sọ ọkùnrin tàbí obìnrin wò, èyí táwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń tà. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe èyí tó dáa jù ò ju 0 lọ, èyí tó burú jù ò ju 0.8 nínú 100. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó 34.7 lára ọ̀kan nínú wọn. Torí náà ẹ̀rọ tó ń fi sẹ́lífì wé NIN yẹn, ẹ gbé e lọ síbi tí iná ò sí, kẹ́ ẹ fi fóònù olówó pọ́ọ́kú yà á, kẹ́ ẹ wò ó lára ẹni tó dúdú dáadáa, ẹni tó kọlà, ẹni tó lo híjáàbù, àgbàlagbà. Ní Detroit, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, January 2020, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló fi ojú ọkùnrin dúdú kan pe ojú olè, ọlọ́pàá mú un níwájú ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀, ó sùn sátìmọ́lé fóhun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìṣòro kan tún wà nínú ẹ̀yáwó: ẹni tẹ ò yá lówó, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ì bá san. Ẹ̀rọ ò lè rí àṣìṣe ara ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé lóṣooṣù kẹ́ ẹ ṣàdédé mú díẹ̀ lára àwọn tí ẹ̀rọ já, kí èèyàn tó mọ iṣẹ́ tún wọn yẹ̀ wò láìmọ ohun tí ẹ̀rọ sọ, tàbí kẹ́ ẹ yá díẹ̀ nínú wọn lówó kékeré kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa rí.

Ìgbésẹ̀ keje: èwo ló burú jù?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní tábìlì kan tí wọ́n ń lò, wọ́n á fi bó ṣe ṣeé ṣe kí nǹkan ṣẹlẹ̀ tó sọ iye owó tó lè ná wọn di púpọ̀, èyí tó bá burú ṣùgbọ́n tí kì í ṣẹlẹ̀ dáadáa á wá bọ́ sápá ibi tí kò séwu. Ẹ pa ìyẹn tì. Ìlànà UN ti 2011 ní kẹ́ ẹ wo ohun mẹ́ta: bó ṣe le tó lára ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, iye èèyàn tó kàn, àti bóyá ó ṣeé tún ṣe. Ewu ti ará ìlú là ń wò, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Tí wọ́n bá ṣi ẹnì kan já, ó dùn ún, àmọ́ tí wọ́n bá tún un yẹ̀ wò lọ́la tí wọ́n sì yá a, ó ti tán. Tí wọ́n bá wá fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ẹ̀ pé olè ni? Ẹyin lohùn, tó bá bọ́, kò ṣeé kó jọ. Láyé àtijọ́, tí onígbèsè ò bá san, olówó lè rán ológò sí i, ìyẹn á dógò tì í sẹ́nu ọ̀nà, á máa bú u, á máa pa adìyẹ tó bá rí jẹ, títí ará ilé á fi dáwó jọ. Ohun táwọn áàpù kan ń ṣe gan-an nìyẹn, àfi pé ológò ayé ìgbà yẹn ẹnu ọ̀nà kan ló lè jókòó sí, èyí ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà 300 èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táwọn yẹn ò sì bá onígbèsè gbélé rí. Ní August 2021 NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó lórí tìtorí irú ìwà yìí.

Ohun kan tí wọ́n máa sọ fún yín nípàdé ni pé "ṣebí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn la ti ràn lọ́wọ́". Òótọ́ ni, kò sì kan ọ̀rọ̀ yìí. Oore tẹ́ ẹ ṣe Lágbájá ò lè pa ìyà tẹ́ ẹ fi jẹ Tàmẹ̀dò rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kí lẹ máa ṣe sí i

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ lè yọ kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ tó wo ohun tẹ́ ẹ lè dín kù. Kíka nọ́ńbà inú fóònù, ẹ yọ ọ́. Google pàápàá ti fòfin dè é fáwọn áàpù ẹ̀yáwó lórí Play Store látọdún 2023, àwọn tó ń pín áàpù wọn lórí WhatsApp àti wẹ́bsáìtì ló kù.

Lẹ́yìn náà ni "èèyàn wà níbẹ̀ tó ń wò ó". Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́. Ẹ bi wọ́n pé ìṣẹ́jú mélòó ló ń lò lórí ẹnì kan, àti pé lóṣù tó kọjá ẹ̀ẹ̀melòó ló ní ohun tí ẹ̀rọ sọ ò rí bẹ́ẹ̀. Tí kò bá tíì takò ó rí, àbí tó bá jẹ́ pé wọ́n á bi í léèrè tó bá takò ó, kò sí èèyàn níbẹ̀.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹ̀rí lé lórí. Ní Ọsirélíà, ìjọba mú owó tí èèyàn gbà lọ́dún kan, ẹ̀rọ pín in dọ́gba-dọ́gba sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí kò bá bá ohun tónítọ̀hún sọ mu, wọ́n á ní ó jẹ gbèsè, kó lọ wá ìwé owó oṣù ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn wá láti fi hàn pé kò jẹ ẹ́. Robodebt ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2020 ìjọba gbà láti dá mílíọ̀nù 721 dọ́là ilẹ̀ wọn padà, ìgbìmọ̀ tó wádìí ẹ̀ sì gbé rípọ́ọ̀tì jáde ní July 2023. Owó tó ń wọlé fún ọlọ́jà wa tiẹ̀ tún burú ju ti wọn lọ lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, torí Iléyá àti Kérésì lọ̀pọ̀ ń pawó, ọ̀pọ̀ sì ń wo nǹkan níran nígbà òjò.

Ẹ sọ ìdí. "O ò pegedé" kì í ṣe ìdí. "A rí i pé o ṣì jẹ ibòmíì ní 15,000, tí kì í bá ṣòótọ́ tẹ ibí yìí", ìyẹn ni ìdí, kó sì wà ní Yorùbá, kó ṣeé gbọ́ létí fẹ́ni tí kò lè kà á. Ilé-ẹjọ́ ní Hague, ní Netherlands, dá ẹ̀rọ ìjọba kan tó ń jẹ́ SyRI, tó ń fi dátà wá àwọn tó ṣeé ṣe kó máa ṣe jìbìtì, dúró ní February 5, 2020, lára ohun tó sì bí wọn nínú ni pé kò sẹ́ni tó lè rí bó ṣe ń ronú, ẹni tí wọ́n fura sí pàápàá ò mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ibi tí wọ́n máa gbé ẹjọ́ gbà, àti rípọ́ọ̀tì

Abala 37 òfin dátà wa ti 2023 ní wọn ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu tó máa lágbára lórí èèyàn, àfi láwọn ọ̀nà kan tó là sílẹ̀, àti níbẹ̀ náà, èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ọmọ èèyàn dá sí i, kóun sọ tẹnu òun, kóun sì takò ó. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ mú fóònù, ẹ ṣe bí ẹni tí wọ́n já, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí rọ́bọ́ọ̀tì máa dá yín lóhùn kí èèyàn tó gbé e. Ẹ kọ ọ́ sínú áàpù náà pé wọ́n lè lọ bá NDPC, àjọ tó ń dáàbò bo dátà, tàbí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, tí ẹ̀yin ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kì í ṣe nínú ìwé òfin ojú ewé ogójì tẹ́nikẹ́ni ò ní kà.

Rípọ́ọ̀tì náà, ẹ má jẹ́ kó gùn. Orúkọ ẹni tó nìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó máa parí ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ rí tẹ ò lè tún ṣe, ohun táwọn èèyàn sọ tẹ ò gbà àti ìdí tẹ ò fi gbà. Ẹ gbé e síta, ó kéré tán kẹ́ ẹ gbé ìkékúrú ẹ̀ síta ní èdè táwọn tó ń lò ó ń sọ. Ẹ tún un ṣe tí dátà bá yí padà, tẹ́ ẹ bá gbé e lọ ìpínlẹ̀ míì, tí ẹni tó tà á fún yín bá gbé tuntun jáde, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó fóhun míì tẹ ò tíì yẹ̀ wò.

Tẹ́ ẹ bá wà níta, tí wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé

Èyí wà fún akọ̀ròyìn, àwọn NGO, ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba ló ń lo AI náà, òfin FOI ti ọdún 2011, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìsọfúnni lọ́wọ́ ìjọba, wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Lẹ́tà ojú ewé kan ti tó. Ẹ béèrè: kí lorúkọ ẹ̀rọ náà àti ta ló tà á, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, dátà wo ló ń lò, ṣé wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí abala 28 òfin dátà sọ, kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ẹ̀, èèyàn mélòó ló ti mú ẹ̀sùn wá, mélòó ni wọ́n yanjú. Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí wọ́n fi sítáńbù gbà á, kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà tiyín dání. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn. Tí wọ́n bá dákẹ́, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀, ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́.